Kí Wọ́n Tó Kéde Fóònù Tuntun: Bí Olóòwò Òṣogbo Ṣe Lè Yẹ Àhesọ Wò

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìgboro, ìbéèrè kan náà ni oníbàárà máa ń gbé wá sí àwọn ṣọ́ọ̀bù fóònù láti Ọláìyá títí dé Alékúwodò: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra èyí tó wà nílẹ̀ yìí, àbí kí n ní sùúrù de tuntun?" Ẹni tó ń tà náà ní ìbéèrè tirẹ̀ tí kò sọ síta: ṣé kí òun tún lọ kó ọjà ní Computer Village, àbí kí òun kọ́kọ́ ta èyí tó wà lórí igbá? Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun yóò sọ lórí pèpéle ni yóò dáhùn méjèèjì. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n tán ṣáájú ọjọ́ náà, àmọ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n tí owó yín kò fi ní há. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kò lè fi pamọ́ ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wá fetí sí ohun tí ẹnu ń sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì: fídíò TikTok ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sílẹ̀

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ọjọ́ ìkéde ọdún márùn-ún sí i. Ti iPhone rèé: 14 oṣù kẹsàn-án 2021, 7 oṣù kẹsàn-án 2022, 12 oṣù kẹsàn-án 2023, 9 oṣù kẹsàn-án 2024, 9 oṣù kẹsàn-án 2025. Kì í ṣe èèṣì. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ni ọdún ìṣirò owó Apple máa ń parí, wọ́n sì fẹ́ kí ọjà tuntun ti kún àtẹ kí ìnáwó Kérésì tó dé. Lọ́dún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé ló mọ ìdí rẹ̀: Kòrónà ló sún iPhone 12 di 13 oṣù kẹwàá 2020. Ìwé ìpè máa ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ ìkéde ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni fóònù sì ń dé ṣọ́ọ̀bù lókè òkun. Bí iPhone 15 ṣe bọ́ sí 22 oṣù kẹsàn-án 2023 nìyẹn, tí 16 sì bọ́ sí 20 oṣù kẹsàn-án 2024. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín ní oṣù keje pé "iPhone tuntun ti délẹ̀ l'Ékòó", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ti Samsung pín sí méjì. Galaxy S máa ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún (1 oṣù kejì 2023, 17 oṣù kìíní 2024, 22 oṣù kìíní 2025). Àwọn tó ń ká, ìyẹn Fold àti Flip, máa ń wá ní oṣù keje. Google ni kì í dúró sójú kan: 4 oṣù kẹwàá 2023 ni Pixel 8 jáde, ṣùgbọ́n 13 oṣù kẹjọ 2024 ni Pixel 9. Bí ọjọ́ ilé-iṣẹ́ kan kò bá tíì bára mu fún ọdún mẹ́ta léra, ẹ má fi ṣe òpó. Ní ti Tecno, ẹ fi ojú sí MWC, ìpàtẹ fóònù àgbáyé ní Barcelona, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Phantom V Fold jáde ní 2023.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gba pèpéle. Ìwé ìròyìn àti fídíò lásán ni Apple fi kéde iPhone 16e ní 19 oṣù kejì 2025, kò pe ẹnikẹ́ni jọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ìwé ìjọba

Ibí ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Fóònù tó bá máa wọ ọjà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ FCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìwé rẹ̀ sì ń hàn sí gbogbo èèyàn. Tecno àti Infinix tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tà ní Amẹ́ríkà náà máa ń gbà á. Ẹ lọ sí fccid.io, kí ẹ tẹ àmì ilé-iṣẹ́ náà: A3L ni Samsung, BCG ni Apple, A4R ni Google, 2ADYY ni Tecno, 2AIZN ni Infinix. Ẹ to èsì rẹ̀ kí tuntun wà lókè. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ ṣí i.

Ẹ má wá àwòrán fóònù níbẹ̀. Òfin fún ilé-iṣẹ́ láyè láti bo àwòrán àti ìwé ìlò mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ 180. Ohun tí ẹ ó rí ni àwòrán ibi tí wọ́n máa lẹ àmì mọ́, èyí tó sábà máa ń fi ìrísí ẹ̀yìn fóònù hàn fìrífìrí, àti ìwé àyẹ̀wò. Nínú ìwé àyẹ̀wò, ẹ wá orúkọ ṣájà. Ṣájà Tecno àti Infinix máa ń sọ agbára rẹ̀ nínú orúkọ: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U330 jẹ́ wáàtì 33, U450 jẹ́ wáàtì 45. Bí àhesọ bá wá ń pariwo wáàtì 70 nígbà tí ìwé ń sọ U330, ẹ mọ ẹni tó ń purọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ti 5G. Ẹni kan á wo ìwé náà, kò ní rí n78, ìyẹn ìgbì 5G tí MTN ń lò, á sì sáré kéde pé fóònù náà kò ní ṣiṣẹ́ lórí 5G wa. Ohun tó kan ìgbì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà nìkan ni FCC ń wọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ dájú. Èyí tí kò sí níbẹ̀ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí kankan. Bákan náà, ẹ má dúró de ìwé iPhone níbẹ̀, nítorí ọjọ́ ìkéde gan-an ló máa ń hàn síta. Ọ̀nà yìí dára fún Samsung, Tecno àti Infinix. Fún Apple, ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ nọ́ńbà Samsung kà. Ẹ mú SM-A566B. A ni ìdílé rẹ̀. 56 ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn A56. 6 tó kẹ́yìn túmọ̀ sí 5G. Lára A15, èyí tí kò ní 5G ń jẹ́ SM-A155, èyí tó ní in sì ń jẹ́ SM-A156. B ni ti ọjà àgbáyé, U ni ti Amẹ́ríkà, N ni ti Kòríà. Láti S23 dé S25, ìdílé S fo ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: S23 jẹ́ S911, S24 jẹ́ S921, S25 jẹ́ S931; 8 ní ìparí ni Ultra, bíi S938. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní jẹ́ kí wọ́n ta fóònù Amẹ́ríkà fún òun ní orúkọ ti àgbáyé. Tecno kò ṣòro: CK ni ìdílé Camon 20, CL ni Camon 30. Ti Infinix máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú X.

Òdìkejì ìwé ìjọba ni èsì Geekbench, áàpù tó ń wọn bí fóònù ṣe yára tó, tí wọ́n máa ń pín kiri. Ẹnikẹ́ni ló lè fi èsì síbẹ̀, orúkọ fóònù sì rọrùn láti yí. Ẹ kà á sí àhesọ, kì í ṣe ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo àwọn tó ń ṣe pouch

Àwọn tó ń ṣe pouch ní Ṣáínà kì í dúró de ìkéde. Wọ́n á ti rí ìwọ̀n fóònù náà lọ́nà kan ṣá, wọ́n á gé pouch sílẹ̀, kí ọjà wọn lè délẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú fóònù. Owó ara wọn ni wọ́n ń fi sí i, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí wọn fi ju ti ẹlẹ́nu lásán lọ. Wọ́n fi kámẹ́rà iPhone 16 tó dúró lóòró hàn kí ìkéde tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi gbàgede kámẹ́rà tó gba ẹ̀yìn iPhone 17 Pro já hàn.

Àmọ́ wọ́n ti ṣubú rí. Ní 2011, ọ̀pọ̀ wọn gé pouch fún iPhone 5 kan tó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Nígbà tó di 4 oṣù kẹwàá, iPhone 4S ni Apple gbé jáde, ara rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti iPhone 4. Gbogbo pouch yẹn di ẹrù tí kò lólówó. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ irọ́ náà. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ kò sọ ọ́ di òótọ́.

Bí aṣojú bá ti fi pouch ránṣẹ́ sí yín l'Ékòó, ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. iPhone 15 àti 16 jọra délẹ̀: gíga 147.6 mm, fífẹ̀ 71.6 mm, nínípọn 7.8 mm. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n nìkan ṣe é á rò pé pouch 15 bá 16 mu. Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó sì bo kámẹ́rà rẹ̀. Screen guard ni ẹ lè pín láàárín wọn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lára pouch tuntun: ihò kámẹ́rà, ihò bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ (16 ní bọ́tìnì kámẹ́rà tí 15 kò ní), àti gíga rẹ̀. 16 Pro fi mílímítà mẹ́ta ga ju 15 Pro lọ, 149.6 sí 146.6. Pouch 15 Pro kò sì lè wọ̀ ọ́ rárá. Kí ìkéde tó dé, ẹ ra mẹ́wàá, ẹ má ra ọgọ́rùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá gbọ́ ti ẹlẹ́nu

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́. Àwọn oníròyìn tó ń fi orúkọ àti iṣẹ́ wọn dúró ló wà lókè, bíi Mark Gurman ti Bloomberg. Àwọn onímọ̀ ọjà tó ń tọpa ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà fóònù, bíi Ming-Chi Kuo, tẹ̀ lé e. Ayàwòrán tó ní "àwòrán tó jò síta" lọ́wọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò dárúkọ ibi tó ti gbọ́ kò sí lórí àtẹ rárá.

Èyí tó dára jù náà ń ṣìnà, ó sì dára kí ẹ mọ irú àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe. Ní oṣù kẹjọ 2021, Kuo ní iPhone 13 yóò lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. 13 dé, kò ní in. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iPhone 14 gbé e wá. Ohun náà jẹ́ òótọ́. Ọdún rẹ̀ ni kò bá a mu. Ẹni tó ń tọpa ẹ̀yà máa ń rí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń dán wò, kò sì rọrùn fún un láti mọ ìgbà tí wọ́n máa tà á. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà, gbogbo àwòrán tó ń kiri ní Apple Watch Series 7 yóò ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó ka ẹ̀rí mẹ́ta sí mẹ́ta, ẹ tọ́ ọ dé orísun. Ẹ ṣí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tó ti sọ "gẹ́gẹ́ bí lágbájá ṣe wí". Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá darí yín sọ́dọ̀ lágbájá kan ṣoṣo, ẹ̀rí kan ni ẹ ní. Lórí WhatsApp, kódà orísun yẹn kì í sí.

Ìwé ìpè ńkọ́? Ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ má fi rajà. Àkọlé "Far out" (ọ̀nà jíjìn) ti 2022 bá sátẹ́láìtì mu, "It's Glowtime" ti 2024 bá iná tó ń tàn yí Siri, olùrànlọ́wọ́ olóhùn ti Apple, ká mu. Lẹ́yìn ìkéde ni gbogbo rẹ̀ tó wá hàn kedere bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà

Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fura sí, ẹ kọ gbólóhùn kan tí kò ṣe é yí, nọ́ńbà kan láti 0 sí 100, àti ohun tí ẹ ó ṣe nítorí rẹ̀. "Kámẹ́rà á dára sí i" kò wúlò, torí kò sọ́dún tí kì í dára sí i. "Pro kékeré yóò bẹ̀rẹ̀ láti 256GB" ni ẹ lè jẹ́jọ́ rẹ̀. Bí ìwé ìjọba bá sọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 90. Bí pouch àti oníròyìn gidi bá fẹnu kò, 75. Oníròyìn gidi kan ṣoṣo, 60. Àwòrán lásán, 20.

Lálẹ́ ìkéde, ẹ gba máàkì. Bí ohun náà bá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ nọ́ńbà yín kúrò nínú 100. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà náà bó ṣe wà. Ẹ wá sọ èyí tó kù di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹni tó kọ 80 tó sì ṣẹ ní 20 lọ́nà 20, ìyẹn 400. Ẹni tó kọ 80 tí kò ṣẹ ní 80 lọ́nà 80, ìyẹn 6,400. Ẹni tó kọ 50 sí gbogbo ẹ̀ yóò máa gba 2,500 ṣáá. Máàkì tó kéré ló dára, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ju 2,500 lọ, òwò ẹyọ-owó jíjù ni ì bá sàn fún un. Bí ẹ bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí kálukú kọ tirẹ̀ kó tó gbọ́ ti ọ̀gá, torí ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ lójú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ọ́ di owó

Àwọn ohun kan wà tí Apple kì í sábà yí. Bí tuntun bá dé, èyí tó jáde lọ́dún tó kọjá á fi dọ́là 100 wálẹ̀, Pro ọdún tó kọjá á sì kúrò lórí àtẹ wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí 14 ní 2023 (láti $799 sí $699), sí 15 ní 2024, sí 16 ní 2025. Nítorí náà, fóònù tuntun nínú páálí tó jẹ́ ti ọdún tó kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ tà kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé.

Tòkúnbọ̀ yàtọ̀. Kì í jábọ́ lọ́jọ́ ìkéde. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti ìlú ọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba tuntun, kí wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó ń kó o jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó wọ páálí wá sí Èkó. Ẹni tó bá sáré kó tòkúnbọ̀ jọ ní ọ̀sẹ̀ ìkéde ti sáré jù. Síbẹ̀, dọ́là lè sọ gbogbo ìṣirò yìí dòfo: bí náírà bá rọ̀ láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, iye tí ẹ rò pé yóò wálẹ̀ lè gòkè.

Bí oníbàárà bá bèèrè iye tí tuntun máa jẹ́, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú iye Amẹ́ríkà nìkan. Ká ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500: $799 lọ́nà 1,500 jẹ́ ₦1,198,500. Owó orí ọjà níbẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́, owó ẹrù kò tíì wọ̀ ọ́, èrè ẹni tó gbé e wọ Èkó àti tiyín náà kò tíì wọ̀ ọ́. Apple kò sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wọlé ló ń dá iye lé e ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tún bèèrè orílẹ̀-èdè tó ti wá: láti iPhone 14, ti Amẹ́ríkà kò ní ojú SIM, eSIM nìkan ni, ìyẹn SIM inú fóònù tí kò ní káàdì. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM, àmọ́ ìyá arúgbó tó fẹ́ yọ SIM rẹ̀ láti inú fóònù kan sínú òmíràn yóò gbé e padà wá bá yín.

Alẹ́ ìkéde

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní California ni Apple sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa ní oṣù kẹsàn-án. Bí Samsung bá ṣe tirẹ̀ ní California ní oṣù kìíní, aago mẹ́wàá yẹn di aago méje wa, torí wọ́n ti yí aago wọn padà fún ìgbà òtútù. Ẹ gba iná sí fóònù àti power bank láti ọ̀sán, kí ẹ má gbọ́kàn lé NEPA. Ẹ fa dídán fídíò wálẹ̀ sí 360p. Ọ̀rọ̀ lẹ ń gbọ́, kì í ṣe sinimá.

Ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti wò ó. Lójú YouTube, àwọn gbájúẹ̀ máa ń gba ojú ìwé ẹlòmíràn, wọ́n á máa fi ìkéde àtijọ́ hàn bí ẹni pé ó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á sì lẹ àwòrán kan mọ́ ọn pé kí ẹ fi owó kírípítò ránṣẹ́ kí ẹ lè gba ìlọ́po méjì. Apple kì í pín owó.

Bí wọ́n bá ti parí, ẹ ṣí ojú ìwé àlàyé fóònù náà, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín: iye, ìwọ̀n, ibi ìpamọ́, ọjọ́ títà, ojú SIM. Ẹ má wá RAM níbẹ̀, Apple kì í kọ ọ́. Ohun tí wọn kò bá dárúkọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ kà á sí èyí tí kò ṣẹlẹ̀, kódà bí ẹnì kan bá ní "wọ́n ṣì máa kéde rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀".

Ẹni tó bá fẹ́ san owó ìdánilójú lórí fóònù tí wọn kò tíì kéde, ẹ má gbà á. Lẹ́yìn ìkéde, ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ fóònù, àwọ̀, ibi ìpamọ́, orílẹ̀-èdè tó ti wá, ọjọ́ tí ẹ fojú sí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iye bá yí kí ọjà tó dé, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.